Ọ̀pá Kọ́tíìnì Olókùn ní Yàrá Màmá Mi

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni èjìká ọ̀tún màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí ó sì di pé wọn kò lè gbé ọwọ́ náà kọjá àyà mọ́. Gbogbo àwa ọmọ ni a ti mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fa omi mọ́, pé ẹlòmíràn ni yóò máa ro ọkà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó ronú kan kọ́tíìnì, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo sùn sí ilé ní Ìbàdàn, tí mo wọ yàrá wọn láti kí wọn ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ àbọ̀, tí mo sì bá wọn tí wọ́n jókòó sí etí ibùsùn nínú òkùnkùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì béèrè bóyá ara wọn kò yá ni. Wọ́n ní, “Ara mi yá, Àkànní. Ọmọ tí yóò ṣí fèrèsé ni mò ń dúró dè.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń sọ. Ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti agogo méje, ó sì ti gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Fèrèsé yàrá yẹn kọjú sí ìlà oòrùn, bàbá mi ni wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà ní ọdún 1986, kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lè máa wọlé tọ̀ wọ́n wá. Orí wáyà ni kọ́tíìnì náà wà láti ìgbà náà, irú wáyà onísípíríǹgì tí a fi ike funfun bò, tí a ń fi ìṣó méjì fà mọ́ igi fèrèsé ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹni tí ó bá dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìwà wáyà yìí dáadáa. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, àárín rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, aṣọ á máa wọ́ sí àárín, ike náà á sì máa di aṣọ mú débi pé ẹ kò lè fà á láti ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ìṣó kan yọ. Ẹ ní láti na ọwọ́ sókè, kí ẹ di orí aṣọ náà mú, kí ẹ sì máa tì í díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tí kò lè kọjá àyà kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní London ni ó sọ fún mi pé ọ̀pá kan wà tí a ń fi okùn ṣí, tí ẹni tí ó ń ṣí i kò ní fọwọ́ kan aṣọ rárá. Ó ra ọ̀kan, ó sì fi í sínú ẹrù tí ó ń bọ̀ wá sílé, nítorí pé irin náà ń wọ inú ara rẹ̀ bí eríàlì rédíò, ó sì ṣeé fà gùn dé ìwọ̀n tí a bá fẹ́. Nígbà tí mo tú u palẹ̀ sórí ẹní, mo jókòó tì í fún nǹkan bí wákàtí kan kí n tó gbé irinṣẹ́ kankan, mo sì rò pé ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí okùn inú rẹ̀ ṣe ń rìn kò ní mọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá há.

Ọ̀pá náà dà bí gọ́tà kékeré tí a dojú rẹ̀ dé. Nínú ojú gígùn tí ó là ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ìkọ́ oníke kéékèèké ti ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, a ó sì fi ìkọ́ irin tí ó wà lára aṣọ há wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn tóbi ju ìyókù lọ. Aṣáájú ni mo ń pe àwọn méjèèjì yìí, torí pé ibi tí wọ́n bá lọ ni aṣọ ń tẹ̀ lé wọn lọ. Okùn kan ṣoṣo ni ó sì ń darí ohun gbogbo. Ó yí púlì tí ó wà ní ìpẹ̀kun òsì po, ó rìn gba inú ọ̀pá dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí púlì mìíràn tí a kàn mọ́ ògiri nítòsí ilẹ̀ po, ó sì tún gòkè padà. Nítorí pé okùn náà yí po, bí ẹ bá fà á sísàlẹ̀, apá kan rẹ̀ nínú ọ̀pá yóò máa lọ sí ọ̀tún, apá kejì yóò sì máa lọ sí òsì ní àkókò kan náà. A so aṣáájú kan mọ́ apá tí ń lọ, a so èkejì mọ́ apá tí ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí aṣọ méjèèjì fi ń pínyà láti àárín bí ẹ bá fa okùn kan, tí wọ́n sì ń pàdé bí ẹ bá fa èkejì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ro èyí ní orí pípé.

Ìwọ̀n ni ó tẹ̀ lé e. Fèrèsé yàrá màmá mi fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, èyí tí í ṣe íǹṣì 72. Àṣìṣe tí mo rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni pé wọ́n ń ra ọ̀pá tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú fèrèsé, bí aṣọ bá sì ṣí tán, ìdì rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì á tún bo apá kan gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ á sì dínkù. Aṣọ tí ó ṣẹ́po máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ fèrèsé. Ní tiwa, íǹṣì 24 nìyẹn, mo sì pín in sí méjì, íǹṣì 12 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gígùn ọ̀pá sì di íǹṣì 96, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Lúfà ni fèrèsé náà, ọwọ́ irin tí a fi ń ṣí i sì yọ sínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ni férémù nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn náà tún wà níwájú rẹ̀. Mo wọn gbogbo rẹ̀, mo sì fa apá irin tí yóò gbé ọ̀pá dúró jáde ní íǹṣì mẹ́rin sí ògiri, kí aṣọ má baà máa há mọ́ ọwọ́ lúfà nígbàkúùgbà tí ó bá ń kọjá.

Fún aṣọ, mo lọ sí Gbági Tuntun ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Mo ti ṣírò kí n tó jáde nílé: íǹṣì 96 ti ọ̀pá, íǹṣì mẹ́rin mẹ́rin ní ìpẹ̀kun méjèèjì níbi tí aṣọ ti ń ṣẹ́ padà sí ògiri, àti íǹṣì mẹ́rin ní àárín níbi tí ọ̀kan ti ń gun orí èkejì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 108. Kí aṣọ tó lè ní ìṣẹ́po tí ó lẹ́wà, ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì, ìyẹn 216. Aṣọ tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 60 ni wọ́n ń tà, nítorí náà mo nílò ìbú mẹ́rin. Láti ọ̀pá dé ilẹ̀ jẹ́ íǹṣì 90, mo fi 12 kún un fún kíká òkè àti ìsàlẹ̀, ó di 102 fún ìbú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní yáàdì 11. Yáàdì 12 ni mo rà. Ìyá tí ń tajà fẹ́ kí n mú èyí tí ó nípọn, ó sì lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo gbé e lọ́wọ́, mo ronú kan èjìká màmá mi, mo sì mú èyí tí ó fúyẹ́. Kí n tó gbé e fún télọ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi ní òru kan kí ó lè sún kì tán kí a tó gé e, nítorí òwú ni.

Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka èyí fi ọkàn sí jùlọ, nítorí níbẹ̀ ni a ti jìyà. Mo kọ́kọ́ pe ẹnì kan wá láti kan ọ̀pá náà fún wa. Ó fi ìṣó lu ihò sí ògiri, ó rún igi pẹlẹbẹ sínú ihò náà, ó sì yí síkúrúù wọ inú igi. Iṣẹ́ náà dára lójú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí màmá mi ti ń fa okùn láti pa kọ́tíìnì ní ìrọ̀lẹ́, apá irin òsì yọ pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá náà sì já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò bà wọ́n, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wọn kò fẹ́ súnmọ́ okùn mọ́, èyí sì ni ó dùn mí ju ọ̀pá tí ó wọ́ lọ.

Mo gun àkàbà láti wo ihò náà fúnra mi. Búlọ́ọ̀kù oníhò, oní-íǹṣì mẹ́sàn-án, ni a fi kọ́ ilé náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé wa. Inú rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ tí ó kọjú sí yàrá kò sì nípọn ju nǹkan bí íǹṣì méjì lọ. Kí ẹ tó dé ara búlọ́ọ̀kù pàápàá, ẹ óò kọ́kọ́ la sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri kọjá, èyí tí ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì ní ilé wa, yanrìn sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ. Inú yanrìn yẹn ni síkúrúù ọkùnrin náà parí sí. Kò dé ibi kankan tí ó le.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọwọ́ kan ògiri láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Níbi tí búlọ́ọ̀kù wà, ó ń dún kò kò kò bí igbá òfìfo. Lókè fèrèsé gan-an, ohùn náà yí padà, ó di gbì, bí ìgbà tí a bá lu òkúta. Líńtẹ̀lì nìyẹn, kọnkéré tí a da lé orí fèrèsé pẹ̀lú irin nínú, tí ó ga ní íǹṣì mẹ́sàn-án. Ní àwọn ilé kan, líńtẹ̀lì kò kọjá fèrèsé ju íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bàbá mi jẹ́ kí wọ́n da tiwọn yí gbogbo ilé ká. Bí mo ti ń kan ògiri náà lọ, tí ohùn gbì náà kò dáwọ́ dúró, inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi. Mo fi ìlà sí íǹṣì mẹ́fà lókè fèrèsé, kí gbogbo ihò lè bọ́ sínú kọnkéré. Bí líńtẹ̀lì ilé yín kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi agídí kan apá irin mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ẹ ra pákó igi líle kan tí ó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rin tí ó sì gùn tó ọ̀pá, ẹ yí síkúrúù gba inú rẹ̀ wọ líńtẹ̀lì ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ kùn ún ní ọ̀dà ògiri, kí ẹ sì wá kan apá irin mọ́ pákó náà.

N kò fi síílìn ṣe òdiwọ̀n, nítorí síílìn ilé àtijọ́ kì í dúró gún. Bíríkìlà kan ní àdúgbò yá mi ní rọ́bà omi rẹ̀, rọ́bà gbọọrọ tí ó mọ́ gaara, tí wọ́n ń bu omi sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di ẹnu kan mú ní òsì, èmi di èkejì mú ní ọ̀tún, ibi tí omi náà dúró sí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni a fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí. Omi kò ní gba ojúsàájú. Mo tún wo ibi tí súìṣì iná wà, nítorí pé páìpù wáyà sábà máa ń ti ibẹ̀ gòkè tààrà lọ sí síílìn, mo sì yẹra fún ojú ọ̀nà yẹn pátápátá.

Ẹnu dírílì tí a ṣe fún kọnkéré, oní-mìlímítà mẹ́jọ, ni mo lò, mo sì we téèpù mọ́ ọn ní íǹṣì méjì àbọ̀ láti mọ ibi tí n óò dúró sí. Ní ihò kẹta, dírílì náà yí ohùn padà lójijì, ó ń han goro, erùpẹ̀ kò sì jáde mọ́. Irin inú líńtẹ̀lì ni ó kàn. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹnu dírílì ni yóò kú. Mo sún ihò náà wálẹ̀ ní íǹṣì kan, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ erùpẹ̀ inú ihò kọ̀ọ̀kan jáde kí n tó ki fíṣà, ìyẹn ike kékeré tí síkúrúù ń wọ inú rẹ̀, bọ̀ ọ́, nítorí pé fíṣà tí ó bá jókòó lórí erùpẹ̀ kò ní di nǹkan mú. Lẹ́yìn náà ni mo fi òòlù rọra kàn án wọlé títí ó fi kọjá ìrẹ́ ògiri, tí gbogbo ara rẹ̀ sì wà nínú kọnkéré. Apá irin mẹ́ta ni mo kàn, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní àárín gan-an, torí pé ọ̀pá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ láìsí ohun tí ó gbé àárín rẹ̀ dúró yóò tẹ̀ bí wáyà àtijọ́ ni.

Nígbà tí mo gbé ọ̀pá lé e, mo rí i pé okùn náà ti yẹ̀ nígbà tí ó já, aṣáájú kan wà ní ìpẹ̀kun, èkejì sì dúró sí ìdajì ọ̀nà. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fa okùn títí aṣáájú tí a ta kókó okùn mọ́ yóò fi dé ìpẹ̀kun tirẹ̀. Aṣáájú kejì kò ní kókó, ahọ́n ike kékeré kan ni ó fi di okùn mú. Ẹ yọ okùn lábẹ́ ahọ́n náà, ẹ fi ọwọ́ ti aṣáájú yìí lọ sí ìpẹ̀kun kejì, kí ẹ sì tún fi okùn há abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, wọn yóò máa pàdé ní àárín. Púlì ìsàlẹ̀ ní sípíríǹgì nínú. Ẹ fa ọ̀pá àárín rẹ̀ sókè, ẹ fi ìṣó kékeré há ihò rẹ̀ kí ó má padà, ẹ fa okùn tí ó rọ̀ gba ẹ̀yìn aṣáájú, ẹ tún kókó ta, kí ẹ tó wá yọ ìṣó náà, sípíríǹgì á sì fa okùn le. Mo fi àbẹ́là ra ojú tí ìkọ́ ń gbà kọjá. N kò fi epo sí i, nítorí pé bí ọyẹ́ bá dé, eruku ni epo yóò máa kó jọ.

Okùn tí ó yí po léwu fún ọmọdé, n kò sì ní gbójú fò ó. Ọmọ kékeré lè ti ọrùn bọ̀ ọ́. Àbúrò mi sọ fún mi pé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fẹ́ kí irú okùn bẹ́ẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lófo, wọ́n sì ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí ó wà ní mítà kan àbọ̀ sókè sí ilẹ̀ ó kéré tán. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni ìlànà ti wà pé ohun tí a fi ń bo fèrèsé tí a ń tà ní ìṣọ̀ láìjẹ́ pé a ṣe é fún oníbàárà kan pàtó kò gbọdọ̀ ní okùn tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Màmá mi kò lè tó okùn tí ó bá ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo fi síkúrúù méjì kan púlì ìsàlẹ̀ mọ́ ògiri gbọn-in, okùn náà sì le debi pé orí ọmọ kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá. A tún gbé àga àti àpótí kúrò lábẹ́ fèrèsé, kí ọmọ-ọmọ tí ó bá wá kí wọn má baà rí ohun gùn. Ilé tí ọmọ kékeré bá ń gbé ní tirẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá irú èyí tí ó ní ọ̀pá ìfà tí ó so mọ́ aṣáájú, tí kò ní okùn rárá.

Kí n tó gbé aṣọ kọ́, mo so gálọ́ọ̀nù omi lítà mẹ́wàá mọ́ apá irin kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì níṣojú màmá mi. Mo fẹ́ kí àwọn fúnra wọn rí i. Ní òwúrọ̀, wọ́n wo gálọ́ọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó wọn sọ̀ tí mo sì kọ́ aṣọ tán, wọ́n dìde, wọ́n sì béèrè èwo nínú okùn méjèèjì ni ó ń ṣí i. Mo ta òwú pupa mọ́ ọn ní ibi tí ọwọ́ wọn dé láìgbé èjìká. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi fà á, díẹ̀díẹ̀ ní àkọ́kọ́, oòrùn sì là láti àárín fèrèsé dé orí ibùsùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo pè wọ́n lórí fóònù ní agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Wọ́n ní kí n dúró ná. Mo gbọ́ bí púlì ti ń yí, mo sì gbọ́ tí àwọn ìkọ́ ń lu ara wọn títí wọ́n fi dé ìpẹ̀kun, kí wọ́n tó padà sórí fóònù láti dá mi lóhùn.